Ọ̀gá Tó Ní Pupa Ni Àwọ̀ Ọlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kí ni a ti mọ̀ nípa iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe? A mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ akọrin bá kọ́ orin tuntun, kì í ṣe iwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi ni olórí akọrin ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ ìdánrawò ni. Bí ohùn ẹnìkan bá ń lọ sí Ìlawẹ̀ nígbà tí ti àwọn yòókù ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́, olórí akọrin á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ dúró!" Wọ́n á tún un kọ. Ìgbà tó bá dùn tán ni wọ́n á tó gbé e lọ síwájú ìjọ.

Ó dára. Ẹni tó mọ ìyẹn ti mọ ìdajì ìtàn yìí. Bí akọrin ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe rí. Wọ́n lè pọ̀ lórí ètò kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àtúnṣe tó fẹ́ fi kún un, kì í kàn dà á lu ojúlówó ètò tí ará ìlú ń lò. Iwájú ẹ̀rọ ayẹṣẹ́wò ló máa ń kọ́kọ́ gbé e sí. Ẹ̀rọ náà á dán an wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, á fi àmì aláwọ̀ ewé hàn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbì kan, á fi àmì pupa hàn, á sì kọ ohun tó rí sábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n á kà á, á tún un ṣe, á dúró kó di aláwọ̀ ewé, kó tó tẹ bọ́tìnì pé kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ojúlówó ètò.

Ṣé ó yé wa? Ohun kan ló kù. Ẹ̀rọ yìí kì í wo ojú. Kò mọ ẹni tó jẹ́ olóyè, kò mọ ẹni tó ń jókòó sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ìjọba kan wà ní Adó-Èkìtì, lẹ́bàá Fájuyì, tí wọ́n ń pè ní Àjọ Ètò Ẹ̀rọ. Olùdarí rẹ̀ ni Díákónì Àgbà, Olóyè, Dókítà, Ẹ́ńjíníà Olúwajùwọ́nlọ Adébíyìí, Ọ̀pómúléró Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Gbogbo Èkìtì. Ẹ mí díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gùn. Díákónì, ṣọ́ọ̀ṣì ló fi í jẹ. Olóyè, ìlú ìyá rẹ̀ ni. Dókítà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà ló fi dá a lọ́lá. Ní ti Ẹ́ńjíníà, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jù mí lọ, wọ́n ní kí n máa bá ìtàn mi lọ. Ọ̀pómúléró ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ń wo dígí.

Gbogbo àárọ̀ Ajé ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pé sí gbọ̀ngàn fún àdúrà. Wọ́n á kọ orin kan, wọ́n á ka ẹsẹ Bíbélì kan, lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyítán, olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá, á wá bọ́ síwájú.

"Olúwa," ni yóò wí, "ìwọ tó fún wa ní oòrùn, tó fún wa ní òjò, tó wá rí i pé kò tíì tó, tó sì fi ọ̀gá yìí kún un…"

"Àmín!"

Bí ọ̀gá bá sín, wọ́n á ní ìmọ̀ ló ń wá ọ̀nà àbájáde. Bí ó bá ṣe àwàdà, àwọn tó wà ní yàrá kejì, tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan, á ti máa di inú mú. Nínú gbogbo ilé náà, nǹkan kan ṣoṣo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀: sikíríìnì ńlá ara ògiri ní yàrá àwọn akọ̀wé ètò, níbi tí ẹ̀rọ ayẹṣẹ́wò ti ń fi àbájáde rẹ̀ hàn.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ ńlá kan wà lọ́wọ́ Àjọ náà. Ìjọba fẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nípa ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n yéé máa wá tò ní Adó láti wá orúkọ wọn lára ògiri. Ẹ sì mọ Èkìtì: bí o bá ju òkò sínú èrò, bí kò bá ba olùkọ́, á ba ọmọ olùkọ́. Iṣẹ́ tó kan gbogbo ilé ni. Ipò Akọ̀wé Àgbà, tó ga jù lọ lẹ́yìn ti Kọmíṣánnà, sì ṣófo lákòókò náà. Kọmíṣánnà tí Àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba: "Adébíyìí, bí ìgbésípò olùkọ́ yìí bá lọ geere, ìwọ lo ni ipò yẹn. Bí kò bá lọ geere, má wulẹ̀ yọjú sí mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti kọ ọ̀gá wa. Ó ti lọ yọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, bóyá yóò gba àga tó fẹ́ rà.

Ẹni tó jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé ètò ni Ìyáàfin Kúdírát, ọmọ Ìsẹ́yìn tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Adó. Ó mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe kò gùn rárá: "Olùkọ́ wa, a gbé yín lọ sí," lẹ́yìn náà orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà, "Ẹ dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé." Ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, aláwọ̀ ewé ló jáde. Wọ́n gbé e lọ fún ọ̀gá.

Adébíyìí kà á. Ó yí fóònù náà padà bí ẹni pé ìyókù wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kúdírát, orúkọ mi dà?"

"Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n ń wá, sà."

"Ta ló ń gbé wọn lọ?"

"Ìjọba ni, sà."

"Ta ni ìjọba?"

Àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ìdáhùn tó tọ̀nà gan-an ló ń léni kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀yin ni, sà!" ni Ṣèyítán pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Bí ọ̀gá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun nìyẹn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀: "Ẹ kọ ọ́. Ẹ dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, nípa àṣẹ Díákónì Àgbà, Olóyè, Dókítà, Ẹ́ńjíníà Olúwajùwọ́nlọ Adébíyìí, Ọ̀pómúléró Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Gbogbo Èkìtì…"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Ṣèyítán wí, "ẹ fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì yín sí i. Kí àwọn tó bá fẹ́ wá kí yín kú oríire má baà ṣìnà."

"O ní láárí, Ṣèyítán. Ẹ kọ ọ́: Àjọ Ètò Ẹ̀rọ, Fájuyì, Adó-Èkìtì. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn sí i."

Ọpẹ́mipọ̀, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ètò, ṣe àtúnṣe náà bí wọ́n ṣe pè é, ó sì gbé e síwájú ẹ̀rọ. Sikíríìnì ara ògiri pọ́n bí ata rodo. Kúdírát ka ohun tó wà lábẹ́ àmì náà, ó mí kanlẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá.

"Ẹ̀rọ kò gbà á, sà."

"Kò gba kí ni?"

"Ó ti gùn jù, sà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní gbèdéke. Ibi tó bá ti kún ni wọ́n ti ń gé e. Oríkì yín ti gba gbogbo àyè, kò sí ibi tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ máa dúró sí. Bí a bá rán an báyìí, kò sí olùkọ́ kan tó máa mọ ibi tó ń lọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ síwájú. Ẹ káre. Kúdírát náà sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣáájú mi?" ni ọ̀gá bi í. "Nínú Adó yìí?"

"Bóyá kí a wá yọ ọ̀kan nínú àwọn oyè náà, sà. Bíi Ẹ́ńjíníà."

"Ẹ́ńjíníà gan-an ni gbòǹgbò! Ta tilẹ̀ ló ní kí ẹ̀rọ yẹn máa yẹ iṣẹ́ mi wò?"

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, sà."

"Mo fọwọ́ sí i pé kó máa yẹ iṣẹ́ *yín* wò!"

Ṣèyítán wúkọ́ díẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo apọ́nni máa rántí títí ayé.

"Ẹ má bínú, sà. Bóyá Àǹtí Kúdírát kò mọ ìtumọ̀ ohun tó rí ni. Iyùn ọrùn ọba, àwọ̀ wo ni? Pupa. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tẹ́ fún ẹni ńlá bó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú bàlúù? Pupa. Ewé ńkọ́? Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ gbogbo ni ẹ̀rọ yìí ń fi ewé lọ àwọn ọmọdé. Ìgbà tó rí iṣẹ́ ọwọ́ yín ló tó yọ iyùn síta."

Ojú Adébíyìí là díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. "Ó yẹ kí n ti mọ̀," ni ó wí. "Láti òní lọ, pupa ni àmì ọlá ní iléeṣẹ́ yìí."

"Sà," ni Kúdírát bi í, "bí ọlọ́kadà bá wá rí iná pupa lójú títì, ṣé kó máa lọ ni, pé wọ́n ń dá a lọ́lá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e lọ sí ilé jẹnẹrétọ̀. "Lọ máa ṣọ́ ọ," ni ọ̀gá wí. "Ìyẹn náà, ẹ̀rọ ni."

"Ó dáa, sà. Ìyẹn náà kì í wo ojú. Bí epo bá tán, á kú, ẹni yòówù kó wà lórí àga." Ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi ṣe ayẹyẹ títẹ bọ́tìnì. Bẹ́ẹ̀ ni, ayẹyẹ. Wọ́n ta rìbọ́ọ̀nù yí kọ̀ǹpútà ká. Wọ́n gbé àga ọ̀gá sábẹ́ sikíríìnì kí pupa náà lè máa tàn sí i lórí. Ọ̀gá wọ agbádá pupa, fìlà pupa, ó so iyùn mọ́rùn ní ìlà méjì. Nígbà tí Kọmíṣánnà wọlé, ó kọ́kọ́ rò pé ilé náà ń jó.

"Kí ni pupa yẹn?" ni Kọmíṣánnà bi Ṣèyítán.

"Àmì ọlá ẹ̀rọ ni, sà. Kì í yọ fún gbogbo ènìyàn."

Kọmíṣánnà mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́ nílẹ̀ yìí kì í ṣe pé a kò mọ̀, pé a kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a kò mọ̀ ni.

Adébíyìí dìde. "Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì," ni ó bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ta ló mọ̀ pé ìka kan ṣoṣo, ìka èmi yìí, ni yóò gbé olùkọ́ láti Ọ̀mùò dé Ìjerò? Bí ìtàn bá bèèrè pé ta ló tẹ bọ́tìnì náà, ẹ má sọ pé ẹlòmíràn ni. Èmi ni! Bí wọ́n bá tún bèèrè, ẹ ní èmi náà ni!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kò gbà. Ó kọ ọ́ síta pé: "Àyẹ̀wò kò yege. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ dà á pọ̀?"

"Kí ló ń wí?" ni ọ̀gá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Awò ojú rẹ̀ wà nílé. Kò bá agbádá pupa mu.

"Ó ń bẹ̀ yín ni, sà," ni Ṣèyítán dáhùn. "Ó ní kí ẹ ṣíjú àánú wo òun."

Olùdarí nìkan ló ní àṣẹ láti fo ẹ̀rọ ayẹṣẹ́wò. Ó fò ó, ètò náà dà pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán àtẹ̀jíṣẹ́. Àtẹ́wọ́ sọ. Ọpẹ́mipọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí omi tútù tó kárí àwọn àlejò, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti dé ọwọ́ gbogbo olùkọ́ tí ìgbésípò kàn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, fóònù ọ́fíìsì kò sinmi. Ṣèyítán kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ dé ìdajì. "A dúpẹ́, a dúpẹ́, ọ̀gá ti gbọ́!" ni yóò wí, á sì pa fóònù. Lọ́jọ́ Àìkú, Adébíyìí dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ipò tí wọn kò tíì fún un.

Ó wá di àárọ̀ Ajé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa olùkọ́ ìjọba fún ẹni tí kò bá ní ọ̀kan nílé. Bí ìjọba bá ní kí olùkọ́ dé ẹnu iṣẹ́ níbì kan lọ́jọ́ Ajé, yóò débẹ̀. Kò ní bi ara rẹ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á ní ó ti sá níṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn kò dárúkọ ibòmíràn ju ọ́fíìsì Adébíyìí lọ, ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì.

Nítorí náà, wọ́n wá. Wọ́n wá láti Ìgèdè, láti Ìyìn, láti Ìkẹ́rẹ́, láti Ọ̀mùò. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n bọ́ lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú àpótí aṣọ, sítóòfù, ẹní àti ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọgbà kún, èrò sì tú dà sí ojú títì. Bí olùkọ́ bá wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbì kan láàárọ̀, kí ni wọ́n máa ń ṣe? Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìjerò, Ọ̀gbẹ́ni Olúwatóbilọ́ba, fa agogo yọ nínú báàgì rẹ̀, ó lù ú. "Ẹ tò! Ẹ na ọwọ́ síwájú! Ẹ̀yin ẹ̀yìn yẹn, kí lẹ ń jẹ?" Ìlà gún régé. Wọ́n ti ń kọ orin ìdúpẹ́ àárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ Adébíyìí dé.

Ó rí èrò, inú rẹ̀ dùn. Ó gun àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo mọ̀ pé ẹ máa wá, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹ máa tò báyìí! Ẹ ṣé tí ẹ wá bá mi yọ̀!"

"A wá dé ẹnu iṣẹ́ ni, sà," ni wọ́n dáhùn lóhùn kan.

"Iṣẹ́ wo?"

Obìnrin kan jáde láti inú ìlà kẹta, ó ru àpò ìrẹsì, ó gbé sítóòfù lọ́wọ́. Ìyàwó ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni, Ìyáàfin Olúwabùsáyọ̀ Adébíyìí, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìgèdè. Ó ti lọ kí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá a.

"Ìyá Tóyìn! Kí lò ń ṣe níbí?"

"Uṣẹ́ ni mo wá ṣe. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá." Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Bàbá Tóyìn, ẹ kà á sókè, kí gbogbo kíláàsì gbọ́."

Kò sí bí wọ́n ṣe máa ní kí Adébíyìí ka orúkọ ara rẹ̀ tí kò ní kà á. Ó yí fóònù sí oòrùn, ó kà á pẹ̀lú ohùn ìwàásù: Díákónì Àgbà, Olóyè, Dókítà… títí dé Fájuyì, Adó-Èkìtì.

"Ẹ máa bá a lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ó ti tán."

Ọ̀gbẹ́ni Olúwatóbilọ́ba yíjú sí èrò, ó gbé ìka sókè. "Kíláàsì! Kí ló kù nínú gbólóhùn yìí?"

"ORÚKỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́!"

Ọkọ̀ kò lè kọjá ní Fájuyì mọ́. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni Kọmíṣánnà fi rìn dé, bàtà rẹ̀ ti funfun fún eruku. Ó wo èrò, ó wo sítóòfù, ó wo Adébíyìí.

"Adébíyìí, ta lo ní kí a sọ pé ó tẹ bọ́tìnì náà?"

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹlòmíràn ni. Orúkọ ẹni tó ṣe é wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, nǹkan mìíràn kò sì sí níbẹ̀.

"Ṣèyítán ló sọ fún mi pé pupa ni àwọ̀ ọlá!" ni Adébíyìí ké.

"Èmi kẹ̀, sà? Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sọ ní tèmi." Ó ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọmíṣánnà, ó ń fi áńkáṣífù nu bàtà rẹ̀. "Ẹ wo ẹni ńlá tó fi ẹsẹ̀ rìn bíi Mósè…"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Kúdírát láti ilé jẹnẹrétọ̀. Ó dé pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Ó fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ síwájú, ó yọ oríkì kúrò, ó gbé e síwájú ẹ̀rọ.

"Tẹ̀ ẹ́ kíákíá!" ni Kọmíṣánnà wí.

"Kò tíì parí àyẹ̀wò, sà."

"Èmi ni mo ní kí o tẹ̀ ẹ́!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹni tó jókòó síbí lọ́jọ́ Ẹtì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Kọmíṣánnà yọjú lójú fèrèsé, ó rí gbogbo olùkọ́ wọ̀nyẹn lórí ìlà. Ó jókòó. Nígbà tí àmì náà di aláwọ̀ ewé, Kúdírát kà á, ó tẹ bọ́tìnì. Gbogbo fóònù inú ọgbà dún lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìkẹ́rẹ́!" ni ẹnìkan pariwo. "Ọ̀mùò! Ulé mi rè é!" Ìyàwó ọ̀gá ka tirẹ̀, ó gbé sítóòfù rẹ̀. "Ìgèdè náà ni. Bàbá Tóyìn, ẹ̀bà wà nínú fíríìjì." Ó wá ọ̀kadà lọ.

Wọn kò lé Adébíyìí kúrò níṣẹ́. Ìjọba kì í lé irú wọn, wọ́n máa ń tò wọ́n síbì kan ni. Ẹlòmíràn di Akọ̀wé Àgbà. Wọ́n gbé tiwa lọ sí yàrá kékeré kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní òun ni Olùdámọ̀ràn Àgbà Pàtàkì Jù Lọ lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Tíì Gbé Dìde. Ẹ ò ní gbàgbọ́: inú rẹ̀ dùn sí i. Kíá ló lọ tẹ káàdì tí yóò máa pín fún àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ ní oyè náà ti gba iwájú, ó sì ti gba ẹ̀yìn. Ṣé kí òun ṣì wá àyè fún orúkọ rẹ̀, àbí kí òun jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀? Ó ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá ń kọ ètò, ẹ ya àyè kan tí kò kan ojúlówó ètò sọ́tọ̀ lónìí, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan kékeré kan jẹ́ níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àmì náà pọ́n. Ẹ má tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ ṣí i, ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ tó kọ, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó jókòó tì yín. Bí ẹ kì í bá kọ ètò, ẹ mú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara yín ná, kí ẹ sì kà á dé òpin.